Akọ ọ̀yà tí kò tíì gbó: ìdí rẹ̀ ni kí o wò, má ka oṣù nìkan

Okun o, àbúrò. Mo ka ìbéèrè rẹ láti Ìyàrà. O ní akọ ọ̀yà méjì tí wọ́n bí nínú kéèjì rẹ ti pé oṣù 5, òṣìṣẹ́ kan tó ń gba àwọn àgbẹ̀ nímọ̀ràn sì ní wọ́n ti tó kó sọ́dọ̀ abo. O wá fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni, àti èwo ni kí o mú nínú àwọn méjèèjì.

Irọ́ ni. Oṣù 5 yẹn, ti abo ni. Abo tó bá jẹun kánú lè bẹ̀rẹ̀ sí gba akọ láti bí oṣù 5 sí 6, ṣùgbọ́n akọ kì í sábà gbó kó tó wọ oṣù 7 sí 8. Àwọn tó ń pín ìwé ìléwọ́ fún wa kì í ya méjèèjì sọ́tọ̀. Wọ́n á kà á síta, wọ́n á gbowó, wọ́n á gun ọ̀kadà wọn lọ.

Irú wọn kan ló wá bá àwa náà níjọ́sí. Bàtà rẹ̀ ń dán, ó gba owó epo kó tó jókòó, ó ní kí a máa fọwọ́ wá kórópọ̀n akọ, tó bá ti tóbi, ó ti tó gun abo nìyẹn. Kórópọ̀n wo? Ṣé òbúkọ ni? Kórópọ̀n ọ̀yà kì í so rọ̀ síta, inú lọ́hùn-ún ló fi pamọ́ sí. Ọkùnrin yẹn ò tíì gbé ọ̀yà dání rí láyé rẹ̀, àfi èyí tó wà nínú ọbẹ̀.

Ẹni tó ta fámílì kan fún wa, akọ 1 abo 4, ti kọ́kọ́ búra pé akọ náà ti gbó. Òṣìṣẹ́ yìí wò ó, ó mi orí, ó ní kí a kó wọn pọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ariwo ìyá àwọn ọmọ mi ló jí mi láàárọ̀. Akọ ti fún ara rẹ̀ sí abẹ́ ọpọ́n omi, etí rẹ̀ kan ti fà ya, ìrù rẹ̀ sì ti já, ó wà lórí eèsún tí a gé síbẹ̀ tòun tẹ̀jẹ̀. Ìrù ọ̀yà ò lágbára rárá, tí eyín bá ti mú un, ó lọ nìyẹn, kì í hù padà. Abo tó tóbi jù nínú wọn dúró ní iwájú ọpọ́n, ó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lu ilẹ̀ gbì, gbì, bí ẹni ń dúró de owó rẹ̀. A yọ akọ jáde, a fi oògùn egbò aláwọ̀ àlùkò pa á lára. Dókítà ẹran tí a pè gún un lábẹ́rẹ́, ó gba owó abẹ́rẹ́, ó tún gba owó ìrìn, kò sì bèèrè ọjọ́ orí ẹran náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Egbò jinná. Ọkàn rẹ̀ ni kò jinná. Nígbà tó wá gbó lóòótọ́, tí abo bá ti sún mọ́ ọn báyìí, igun ògiri ló ń sá lọ.

Èyí tó dùn mí jù wà níwájú. Òṣìṣẹ́ wa padà wá, ó fọwọ́ tẹ ikùn àwọn abo, ó ní ẹ kú oríire, wọ́n ti lóyún kí akọ tó sá. Oyún ọ̀yà ń tó bí 150 ọjọ́, oṣù 5 gbáko. Kì í ṣe ehoro tí oṣù kan ti tó fún láti bí. Ọyẹ́ dé, iná ìgbẹ́ jó gbogbo ẹ̀yìn ilé, kò sí ewéko tútù mọ́ àfi létí odò, ibẹ̀ ni mo ti ń ru eèsún lórí wá fún àwọn aboyún mi. Mo ń ra àgbàdo lé e nígbà tí àwa fúnra wa kò rí i jẹ yó. Kò sí èyí tó bí. Ọ̀rá ló wà níkùn wọn. Nígbà tí mo pe òṣìṣẹ́ náà lórí fóònù, ó ní ó lè jẹ́ kéèjì ni kò fẹ́ atẹ́gùn.

Torí náà, gbọ́. Di akọ mú ní ìdí ìrù, níbi tó ti so mọ́ ara, má mú ṣóńṣó rẹ̀, kí o fi ọwọ́ kejì gbé e nísàlẹ̀. Wo awọ tó wà láàárín ihò ìdí àti nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀. Ọmọdé akọ, ibẹ̀ mọ́ lásán ni. Bó bá ti ń gbó, ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n, á wá dúdú díẹ̀díẹ̀, bí aṣọ tí epo pupa ta sí tí wọn ò fọ̀ tán. Tí o ò bá rí àwọ̀ yẹn, kò kàn mí bó ti pé oṣù mélòó, dá a padà. Tí o bá rí i, wọ̀n ọ́n. Kì í jà lórí òṣùwọ̀n tó bá wà nínú òkùnkùn: gbé e sínú àpò ìdọ̀họ, so àpò kọ́ òṣùwọ̀n, yọ ìwọ̀n àpò kúrò. Èmi ò ní kó èyí tí kò tó kílò 2.5 sọ́dọ̀ abo kankan. Méjèèjì gbọ́dọ̀ pé, àwọ̀ àti ìwọ̀n. Akọ tí ẹnìkan fi àgbàdo bọ́ yó lè wúwo kí ìdí rẹ̀ tó pọ́n.

Kíkó wọn pọ̀ kò le. Kéèjì tí a fọ̀ dáadáa tí kò sí èyí tó ti sùn ibẹ̀ rí, ìrọ̀lẹ́, abo kan ṣoṣo lákọ̀ọ́kọ́, èyí tí kò wúwo ju akọ lọ. Tó bá ti dán mọ́rán, o lè fi àwọn yòókù kún un títí dé 4 tàbí 5.

Ṣé inú kéèjì kan náà ni akọ méjèèjì yẹn ṣì wà? Yà wọ́n lónìí. Bí ìdí bá ti ń pọ́n ni ìjà ń bẹ̀rẹ̀, eyín ọ̀yà kì í ṣeré. Má sì ra akọ tí àwọn ọdẹ mú láàyè nígbà iná ìgbẹ́, irú ẹran bẹ́ẹ̀ á máa fi orí gbá kéèjì, kò ní jẹun. Ewéko abẹ́ oko kajú ńkọ́? Bèèrè lọ́wọ́ olóko bóyá ó ti fín oògùn apakoríko kí o tó gé e. Ẹ̀gbọ́n mi kan ò bèèrè, kéèjì rẹ̀ ṣófo títí dòní.

O ò sì sọ àwọn abo wo lo fẹ́ kó wọn fún. Tí ìyá kan náà bá bí akọ àti àwọn abo náà, má ṣe é. Ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ẹni tí ìran ẹran rẹ̀ yàtọ̀. Èmi náà ní akọ kan tí ìdí rẹ̀ ti ń pọ́n báyìí. Tí ọ̀kan nínú tìrẹ bá pọ́n, gbé e wá sí Kàbà lọ́jọ́ ọjà, inú apẹ̀rẹ̀ ni o, má gbé e sínú àpò ọ̀rá, kí a wọ̀n wọ́n pa pọ̀.