Tsum nìkan ti tó yín, ẹ fi Manaslu sílẹ̀

Ẹ ní ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni wọ́n fún ẹ̀yin àti ọkọ yín níbi iṣẹ́, ẹ fẹ́ wọ àfonífojì Tsum ní Nepal, kẹ́ ẹ sì tún yí òkè Manaslu po nínú ìrìn kan náà, ilé iṣẹ́ tó fẹ́ mú yín lọ sì ti ní kò sí wàhálà. Ẹ tún béèrè bóyá Kristẹni lè sùn sílé àwọn mọ́ńkì, àwọn ẹlẹ́sìn Búdà tó fi ayé wọn jìn fún ẹ̀sìn, láìsí pé wọ́n fi tipá mú un forí balẹ̀ fún òrìṣà. Mo ti rin ọ̀nà méjèèjì, n óò sì sọ ojú abẹ níkòó. Bẹ́ ẹ bá pa méjèèjì pọ̀, eré lásán lẹ máa sá kọjá níwájú ohun tẹ́ ẹ torí ẹ̀ kúrò nílé. Tsum nìkan ni kẹ́ ẹ mú.

Ẹ jẹ́ ká ka ọjọ́ náà. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá balẹ̀ sí Kathmandu ti lọ. Òmíràn á lọ sórí ìwé àṣẹ, nítorí wọ́n á gba ìwé ìrìnnà yín kí wọ́n tó lè ṣe é. Jíìpù láti Kathmandu dé Machha Khola á jẹ ọjọ́ kan gbáko, tòun ti kòtò, tòun ti ẹrọ̀fọ̀. Ibẹ̀ lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn lẹ́bàá odò Budhi Gandaki, níbi tí kò ga tó mítà 1,000, tí oòrùn sì ń pa èèyàn bí ẹni pé kò sí yìnyín kankan nítòsí. Ẹ ó kọjá ní Jagat níbi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé àṣẹ wò, ẹ ó kọjá ní Philim, lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀nà á pín: ọ̀kan á forí lé Manaslu, èkejì á gba inú igbó lọ sí Lokpa. Lẹ́yìn Lokpa ni Tsum ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà yẹn náà lẹ máa bá padà. Bẹ́ ẹ bá yọ gbogbo ìyẹn kúrò, tẹ́ ẹ yọ ọjọ́ bààlúù láti ìlú ọba mọ́ ọn, ohun tó kù fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ kan yẹn tó fún Tsum dáadáa. Àmọ́ láti ibi tí ọ̀nà ti pín yẹn, bẹ́ ẹ bá fẹ́ gba Namrung, Samagaun àti Samdo kọjá lórí Larkya La, ọ̀nà tó gba orí òkè kọjá, kẹ́ ẹ sì sọ̀ sí Dharapani lódìkejì, ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ní méjèèjì wọ inú ọjọ́ yín, ọjọ́ ìsinmi ara yín ló fẹ́ gé kúrò.

Ibẹ̀ gan-an lẹ̀rù ti ń bà mí fún yín. Larkya La ga ju mítà 5,100 lọ. Èèyàn tó ń rin òkè, bó bá ti kọjá mítà 3,000, kò yẹ kí ibi tó máa sùn lálẹ́ fi ju mítà 500 ga ju ibi tó sùn lánàá, kó sì tún fi ọjọ́ kan jókòó sójú kan lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹsẹ̀ tó le kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ẹ̀. Ní Samdo, mo bá tọkọtaya kan pàdé tí wọ́n ń rin irú ìṣirò tí wọ́n fún yín yìí. Ọkọ ti ń bì láti ọ̀sán, orí ń fọ́ ọ, kò lè rìn gbọọrọ bí wọ́n bá ní kó rìn, amọ̀nà wọn sì ń sọ pé tó bá sùn á lọ, pé ọ̀la làwọn ń lọ sí Dharamsala, ibi tí wọ́n ti ń sùn kí wọ́n tó gun Larkya La. Amọ̀nà tiwa, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà, ló fárí gá. Òun àtàwọn alábàárù méjì fi tọ́ọ̀ṣì mú ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn. Kó tó dọ̀sán ọjọ́ kejì, ó ti ń jẹun. Ẹni tó bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí lókè yẹn, tàbí tó jókòó tí kò lè mí délẹ̀, omi ti ń wọ inú ọpọlọ rẹ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Kò sí oògùn tó ju sísọ̀ kalẹ̀ lọ. Diamox, oògùn tí wọ́n ń lò sí àìsàn òkè gíga, wúlò kí nǹkan tó bàjẹ́, ẹ bi dókítà yín. Lódìkejì ẹ̀wẹ̀, àwọn kan wà níbẹ̀ tí orí bá ti fọ́ yín fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n á ti fẹ́ pe hẹlikọ́pítà, nítorí owó adójútòfò yín ni wọ́n ń wò. Ẹ bá amọ̀nà yín sọ ọ́ yanjú ní Kathmandu pé ẹ̀yin lẹ máa sọ bó bá di dandan.

Ẹ̀yin kò béèrè èyí, ṣùgbọ́n àwa ló kàn ju oyinbo lọ. Kí ni jínótàìpù yín? Ẹni tó jẹ́ SS kò gbọdọ̀ dán òkè yẹn wò. Àwọn tó jẹ́ AS, ọ̀pọ̀ wọn ń lọ, wọ́n ń bọ̀, tí nǹkan kan kì í ṣe wọ́n. Àmọ́ àwọn dókítà ti ṣàkọsílẹ̀ àwọn AS tára wọn dá ṣáṣá, tí wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé AS làwọn, tí afẹ́fẹ́ fífúyẹ́ òkè mú kí ẹ̀jẹ̀ wọn dì nínú amọ́, ẹ̀yà ara tó wà lábẹ́ ìhà òsì yẹn. Bí ìrora bá gún èyíkéyìí nínú yín níbẹ̀, lókè, ẹ má pè é ní inú rírun. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ fún dókítà tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ rí. Àmọ̀nà yín lè má gbọ́ ọ rí, nítorí apá pẹ̀tẹ́lẹ̀, láàárín àwọn Tharu, ni irú ẹ̀jẹ̀ yìí ti wọ́pọ̀ ní Nepal. Àwọn tó ń gbé orí òkè kò mọ̀ ọ́n. Ẹ lọ ṣàyẹ̀wò kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀. Èyí tún wà lára ìdí tí mo fi ní Tsum: ibi tó ga jù tẹ́ ẹ máa sùn níbẹ̀, Mu Gompa (gompa ni ilé àwọn mọ́ńkì), kò ju nǹkan bíi mítà 3,700 lọ.

Wàyí o, Tsum fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn Chumling, ẹ ó pọ́n òkè kan tó máa bá yín wí dáadáa, ẹ ó sì yọ sí Chhekampar. Ilẹ̀ á kàn là gbẹrẹgẹdẹ lójijì: oko bálì, ilé olókùúta, yak, màlúù onírun gígùn, àti ìbaaka, òkè Ganesh Himal tó funfun lẹ́yìn gbogbo ẹ̀. Àárín ọ̀nà lẹ ó ti máa bá ògiri gígùn tí wọ́n fi òkúta tí wọ́n gbẹ́ àdúrà sí lára mọ. Ẹ gba apá òsì rẹ̀ kọjá, kí ògiri wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín. Bákan náà ni wọ́n ń ṣe yí chorten, ilé òkúta mímọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, po. Ọ̀pọ̀ nínú ilé tẹ́ ẹ máa rí ni wọ́n tún kọ́ lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ oṣù kẹrin ọdún 2015, nítorí Gorkha, agbègbè tí Tsum wà, gan-an ni ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Wọn kì í pa ẹran níbẹ̀. Láti nǹkan bíi 1920 ni gbogbo àfonífojì ti jọ jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn ò ní pa ohun ẹlẹ́mìí mọ́, ọdẹ kò sì sí. Ẹran igbó tó máa ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ èèyàn sá níbòmíràn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ni mo ti rí i tó ń jẹko tó ń wò mí. Torí náà ẹ má dé ọ̀dọ̀ ìyá onílé kẹ́ ẹ ní kó bá yín pa adìyẹ. Ìrẹsì pẹ̀lú ọbẹ̀ lẹ́ńtìlì, ìyẹn dal bhat, lẹ máa jẹ títí á fi sú yín, wọ́n á sì máa bù ú kún un láìgba owó kún owó. Ẹ mú ata gígún dání. Tsampa náà wà, ọkà bálì tí wọ́n yan kí wọ́n tó lọ̀ ọ́; bí gààrí ló rí lọ́wọ́ àwọn darandaran, wọ́n ń dì í sápò, omi gbígbóná ni wọ́n fi ń pò ó jẹ. Tíì oníyọ̀ tí wọ́n fi bọ́tà sí ni kì í bá gbogbo wa lára mu. Bẹ́ ẹ bá mu ún díẹ̀, wọ́n á bu òmíràn kún un. Ẹ jẹ́ kí ife wà ní kíkún títí ẹ ó fi fẹ́ dìde, kẹ́ ẹ wá mu ún tán.

Nínú ilé mìíràn ní Tsum, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ló jọ fẹ́ obìnrin kan ṣoṣo. Ilẹ̀ tó ṣeé ro kò pọ̀, bí ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan bá lọ fẹ́ tirẹ̀, oko á pín wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Mo sọ fún ìyá àgbà kan, amọ̀nà ló ń túmọ̀, pé lọ́dọ̀ tiwa ọkùnrin kan ló ń fẹ́ obìnrin púpọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ife sílẹ̀. Ó ní tí ọkọ kan ṣoṣo yẹn bá wá lọ ṣòwò ní Tibet, ta ló ń da ẹran? Mi ò rí èsì fún un. Wọ́n á fọwọ́ kan irun yín o, pàápàá bẹ́ ẹ bá dirun. Àwọn ọmọdé kì í tọrọ àyè. Kò sí ibi nínú rẹ̀.

Nípa ẹ̀sìn, kẹ́ ẹ fọkàn balẹ̀. Mo sùn sí Mu Gompa, mo sùn sí Rachen Gompa níbi tí àwọn obìnrin tó jẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn ń gbé, kò sì sẹ́ni tó ní kí n forí balẹ̀. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ ṣí fìlà, ẹ má na ẹsẹ̀ sí apá ibi tí ère wà, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó yà fọ́tò nínú ilé. Ẹ fi nǹkan sínú àpótí, nítorí igi ìdáná tẹ́ ẹ fi yáná, orí ẹ̀yìn ni wọ́n fi gbé e wá. Mu Gompa jìnnà, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì ń gé ni létí. Àwọn èèyàn ń sọ ọ́ bíi pé òun ni òpin ìrìn náà. Lójú tèmi, Rachen dùn jù ú lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn obìnrin náà á ti jókòó, wọ́n á máa ka àdúrà pẹ̀lú ìlù ńlá àti fèrè, ọmọdébìnrin kan á sì máa gbé tíì kiri láàárín wọn. Èmi jókòó sẹ́yìn, mo ń gba àdúrà tèmi ní jẹ́jẹ́. Bí ọkọ yín bá ní òun ò wọlé, kó dúró síta, kò sẹ́ni tó máa bínú. Ihò àpáta Piren Phu, níbi tí wọ́n ní Milarepa, ẹni mímọ́ ẹ̀sìn Búdà ní Tibet, ti ṣàṣàrò ní bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, náà wà lọ́nà. Ẹ yà síbẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá ṣì lágbára.

Ìwé ìrìnnà èwo lẹ ní? Ti Bìrìtìkó, wọ́n á fún yín ní físà ní pápákọ̀ òfuurufú Kathmandu: dọ́là 50 fún ọgbọ̀n ọjọ́. Ti Nàìjíríà kò sí nínú àwọn tí wọ́n ń fún níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ aṣojú Nepal lẹ gbọ́dọ̀ ti gbà á kẹ́ ẹ tó wọ bààlúù, mo sì rí ẹni tí wọ́n dá padà lẹ́nu ọ̀nà bààlúù nítorí ẹ̀. Ìwé àṣẹ Tsum jẹ́ dọ́là 40 fún ọ̀sẹ̀ kan láti oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá, dọ́là 30 lákòókò yòókù. Ẹ fi owó ààbò agbègbè Manaslu, rúpì 3,000, kún un. Láìsí amọ̀nà àti ilé iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀, wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ kọjá. Ẹ kó rúpì tẹ́ ẹ máa ná dání láti Kathmandu, ẹ̀rọ ìgbowó kò sí níwájú.

Oṣù kẹwàá ni kẹ́ ẹ lọ. Ìgbà òjò, òkè máa ń ya dí ọ̀nà, eṣúṣú á sì wọ bàtà yín. Ní ìparí oṣù karùn-ún, ẹ lè bá abúlé lófo, gbogbo ilé ti gòkè lọ wá yarsagumba, kòkòrò tí olú hù lórí rẹ̀, tí àwọn ará Ṣáínà ń fi owó ńlá rà. Tí ọkọ yín bá wá takú pé Larkya La lòun fẹ́ gùn, kó lọ tọrọ oṣù kan gbáko lẹ́nu iṣẹ́, kó sì bi ilé iṣẹ́ yẹn léèrè alẹ́ mélòó ni wọ́n kọ fún Samagaun. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹ wá ilé iṣẹ́ míì.