Kí ni «rec» àti «and» ń ṣe nínú OCaml?

Ìbéèrè náà ni pé: kí ló dé tí `let` nìkan kò tó bí function (àkójọ àṣẹ tó ní orúkọ) bá fẹ́ pe ara rẹ̀ nínú OCaml, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kí sì ni iṣẹ́ `and` tí à ń rí láàárín function méjì?

`let` ń sọ nǹkan lórúkọ, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lápá ọ̀tún àmì `=`. Ìdí nìyẹn tí `let x = x + 1` fi bójú mu: x tọ̀tún ni x àtijọ́. Haskell, èdè mìíràn irú rẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, x méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà, a kò sì ní rí iye kankan gbà.

`rec`, tí onímọ̀ kọ̀ǹpútà Peter Landin ti lò nínú èdè rẹ̀, ISWIM, ní 1966, ló ń jẹ́ kí orúkọ ṣiṣẹ́ nínú ara rẹ̀. Bí o bá gbàgbé ẹ̀, tí orí sì bá ọ ṣe é, compiler (ètò tó ń tú kóòdù sí èdè ẹ̀rọ) á pariwo «Unbound value», ìyẹn ni pé kò mọ orúkọ náà. Èyí tó burú ni pé kí function mìíràn ti máa jẹ́ orúkọ yẹn tẹ́lẹ̀. Kóòdù á kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, ti àtijọ́ ni yóò sì máa pè.

Wàyí o, wo méjì tó ń pe ara wọn; `even` ń wò bóyá nọ́ńbà ṣeé pín sí méjì dọ́gba, `odd` ń wò bóyá kò ṣeé pín bẹ́ẹ̀:

```
let rec even n = n = 0 || odd (n - 1)
and odd n = n <> 0 && even (n - 1)
```

Bí o bá kọ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èyí tó ṣáájú kò ní mọ ìkejì. `and` ló ń sọ wọ́n lórúkọ lẹ́ẹ̀kan náà. Pípe ìkejì ló kẹ́yìn nínú iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà `even 1000000` kò ní kún stack, ibi tí kọ̀ǹpútà ń to àwọn ìpè tí kò tíì parí sí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé `and` ló ń mú ìpè-ara-ẹni wá. Rárá o. `let x = y and y = x` láìsí `rec` kàn ń pààrọ̀ iye méjì tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni.

Bí ó bá jẹ́ pé function kan ṣoṣo ló nílò wọn, fi `in` parí wọn sínú rẹ̀. Ẹni tó wà lóde kò ní rí wọn, àwọn náà á sì máa rí ohun tí a fi pe function náà. Ṣùgbọ́n má fi `and` so àwọn tí kò pe ara wọn pọ̀. Láàárín ìdìpọ̀ `let rec` kan, irú dátà kan ṣoṣo ni function lè gbà, àfi tí o bá fúnra rẹ kọ irú rẹ̀ sílẹ̀ pé gbogbo irú ló lè gbà.