Ìrora Ẹ̀yìn Ojúgun Tó Ń Lọ Tó Ń Bọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 41 ni mí, Ìbarà ní Abẹ́òkúta ni mò ń gbé. Láràárọ̀ Sátidé mo máa ń sáré gba Òkè-Ìlẹ̀wọ̀ lọ sí Kútọ̀, kí n tó padà sílé. Láàárín oṣù mẹ́fà, ẹran ẹ̀yìn ojúgun mi ọ̀tún ti fà lẹ́ẹ̀mẹta. Màá fi àbóníkí ra á, màá sinmi ọ̀sẹ̀ méjì, kò ní dùn mí mọ́. Bí mo bá tún ti sáré bí ẹ̀ẹ̀mejì, ó tún dé. Kí ló ń fà á? (Asáré, Ìbarà)

ÌDÁHÙN: Ìsinmi pa ìrora lóòótọ́, àmọ́ kò fún ẹran náà lágbára. Ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ fi jókòó tún dín èyí tó ní tẹ́lẹ̀ kù, ẹ sì gbé e padà sórí òkè kan náà.

Kí á tó dé ibẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yẹ ohun kan tó léwu wò. Ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀, kó sì jọ ẹran tó fà. Ẹ mú téèpù télọ̀. Ẹ wá kókó eegun tó yọ nísàlẹ̀ orúnkún, ẹ wọn sẹ̀ǹtímítà 10 wálẹ̀ láti ibẹ̀, kí ẹ wá wọn yíká ẹsẹ̀ méjèèjì. Bí èyí tó ń dùn bá fi sẹ̀ǹtímítà 3 ju ìkejì lọ, tàbí tó gbóná, tàbí tí ìrora náà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìrìn-àjò gígùn tàbí iṣẹ́ abẹ, ẹ má ra á, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n fi skáànì wò ó. Bí ẹ kò bá lè mí dáadáa, tàbí tí àyà ń dùn yín, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Bí téèpù kò bá fi ìyàtọ̀ hàn, tí ara sì ń fu yín, ẹ lọ náà.

Bí kò bá sí ti èyí, ẹ dúró ti ògiri, ìka méjì péré ni kí ẹ fi kàn án. Ẹ fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo dìde lórí ọmọ ìka, kí orúnkún nà gbọnrangandan, ẹ ka iye ìgbà tí gìgísẹ̀ gòkè dé òpin. Ẹ ṣe ti ìkejì. Ẹ tún un ṣe, kí orúnkún tẹ̀ díẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹni tó ń sáré yẹ kó lè ṣe tó 20 sí 25. Bí òsì bá ṣe 24, tí ọ̀tún dákú sí 13, ẹ ti rí olè náà.

Ìdí tí a fi ń kà á lọ́nà méjì ni pé iṣan méjì ló wà níbẹ̀. Ti òkè, tó yọ ṣóńṣó, gba ẹ̀yìn orúnkún kọjá. Bí orúnkún bá tẹ̀, ó dẹ̀ nìyẹn. Pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò dé orúnkún, òun ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ eré sísá: ẹrù tó ń gbé lè tó ìlọ́po 6 ìwúwo ara yín. Lórí òkè, gìgísẹ̀ ń rọ̀ sísàlẹ̀, iṣan á ti nà tán kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tì yín sókè. Bí ẹ bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ bàtà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ nípọn sí pẹlẹbẹ, ẹ tún dá kún un.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì dìde lórí ọmọ ìka, ẹ dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 45, ẹ sinmi ìṣẹ́jú 1, kí ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ bọ́ sórí àtẹ̀gùn, kí ẹ máa fi ẹsẹ̀ kan dìde lórí ọmọ ìka: ìṣẹ́jú-àáyá 3 ní gígòkè, 3 ní sísọ̀kalẹ̀. Ẹ ṣe é nígbà 8, ẹ sinmi, títí yóò fi pé ọ̀nà mẹ́ta, pẹ̀lú orúnkún nínà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú orúnkún títẹ̀. Bí ẹ bá ṣe é lónìí, ẹ fo ọ̀la. Nígbà tí 8 bá di 15, ẹ kó ìrẹsì kílò 5 sínú báàgì, kí ẹ gbé e kọ́ ẹ̀yìn. Ìrora tó tó 3 nínú 10 kò burú; bó bá ṣì wà nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ dín in kù. Oṣù méjì sí mẹ́ta ni. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á dá a dúró ní ọ̀sẹ̀ kẹrin tí ìrora bá ti lọ.

Ẹ má sáré títí ẹ ó fi lè rìn kíákíá fún ìṣẹ́jú 30 láìsí ìrora, tí òǹkà ẹsẹ̀ méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹ sáré ìṣẹ́jú 1, ẹ rìn 2, lẹ́ẹ̀mẹjọ, lórí ilẹ̀ títẹ́jú (ní Abẹ́òkúta, a mọ̀ pé ẹ ó wá a kí ẹ tó rí i). Òkè lẹ máa fi kẹ́yìn.

Ní ti àbóníkí, awọ ara ló ń mú gbóná, kò fún iṣan lágbára. Ẹ ṣáà má fi agbára ra ẹran tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fà láàárín ọjọ́ 3 àkọ́kọ́. Ẹ̀jẹ̀ á tún máa sun síbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ọdún 62 ni mí, mo sì ní àtọ̀gbẹ. Bí mo bá ti rìn tó ìṣẹ́jú 5, ẹ̀yìn ojúgun á fún mi pinpin. Bí mo bá dúró bí ẹni ń wo ọjà ẹlòmíì, ó ti lọ. Wọ́n ní làkúrègbé ni. (Ìyá Aládìrẹ)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, kò jọ làkúrègbé. Ìrora tó ń dé níwọ̀n ìrìn kan náà, tó sì ń lọ lórí ìdúró, ẹ̀jẹ̀ ni kò tó ẹran náà lò: ọ̀nà tó ń gbà wá sẹ́sẹ̀ ti há. Bó bá jẹ́ ti eegun ẹ̀yìn ni, ìdúró lásán kò ní tù yín, àfi kí ẹ jókòó tàbí kí ẹ tẹ̀ síwájú.

Ẹ ní kí dókítà wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní apá àti ní ọrùn ẹsẹ̀, kó fi ti apá pín ti ẹsẹ̀. Bí apá bá jẹ́ 150, tí ẹsẹ̀ jẹ́ 105, 0.7 nìyẹn, tó bá ti wà lábẹ́ 0.9, ó ti há. Àtọ̀gbẹ máa ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ le, òǹkà náà á sì máa purọ́ sókè, nítorí náà bó bá dára tí ìrora kò lọ, kí wọ́n fi skáànì wò ó.

Ìrìn gan-an ni oògùn rẹ̀, pẹ̀lú èyí tí dókítà bá kọ fún ọ̀rá ẹ̀jẹ̀, ṣúgà àti ìfúnpá. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ẹ rìn títí yóò fi dùn dáadáa, ẹ dúró kó lọ, ẹ tún rìn, títí yóò fi pé ìṣẹ́jú 30 sí 45, fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Bí ẹ bá ń fín áṣáà tàbí mu sìgá, ẹ jáwọ́. Ẹ má ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná. Àtọ̀gbẹ lè má jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó ń jó yín. Bí egbò bá yọ, bí ọmọ ìka bá dúdú, tàbí tí ìrora òru kò lọ àfi tí ẹ bá jẹ́ kí ẹsẹ̀ rọ̀ kalẹ̀ létí bẹ́ẹ̀dì, ẹ má sùn lé e.

ÌBÉÈRÈ: Pajápajá ń jí mi lóru ní ẹsẹ̀ méjèèjì. Oògùn wo ni kí n rà? (Lafẹ́nwá)

ÌDÁHÙN: Bó bá mú yín, ẹ na orúnkún, ẹ fa ọmọ ìka ẹsẹ̀ sọ́dọ̀ ojúgun títí yóò fi tú. Kí ẹ tó sùn, ẹ kọjú sí ògiri, ẹ na ẹ̀yìn ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ẹ bá ń lo oògùn tó ń mú kí ẹ tọ̀ púpọ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ sọ fún dókítà, ẹ má fúnra yín dá a dúró. Ẹ má ra kuiníìnì fún un, bí wọ́n tilẹ̀ ń júwe rẹ̀: ó lè da ìlù ọkàn rú.