Ẹ Bi Wá: Kí Ló Ń Ba Ọ̀nà Òróòro Jẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọ àbúrò mi ti pé ọ̀sẹ̀ 5, ibà pọ́njú ṣì wà lára rẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ sì funfun. Dókítà ní ó jọ pé ọ̀nà òróòro rẹ̀ ló dí. Ìyá ọmọ kò yé sunkún, ó ní bóyá ohun tí òun jẹ nígbà oyún ló fà á. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ bá wa rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Kò sí oúnjẹ kankan tí ìwádìí tíì fi hàn pé ó ń fa àrùn yìí lára ọmọ ènìyàn. Biliary atresia ni wọ́n ń pè é. Ojú ọ̀nà tí òróòro ń gbà láti ẹ̀dọ̀ lọ sínú ìfun á wú, á le, á sì di àpá. Òróòro ló ń fún ìgbẹ́ láwọ̀, nítorí náà bí kò bá dé ìfun mọ́, ìgbẹ́ á funfun. Bilirubin, ìyẹn èròjà aláwọ̀ ìyeyè inú òróòro, tó yẹ kó bá a lọ á padà sínú ẹ̀jẹ̀, á máa gba ojú ìtọ̀ jáde, ìtọ̀ á sì pọ́n gan-an.

Ohun tó ká wa lára jù ni àkókò. Iṣẹ́ abẹ tí Morio Kasai, ọmọ ilẹ̀ Japan, kọ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1959 ni wọ́n ń ṣe fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀: wọ́n á gé ọ̀nà tó ti di àpá kúrò, wọ́n á wá fa ìfun kékeré sókè, wọ́n á so ó mọ́ ẹnu ẹ̀dọ̀. Ó máa ń yọrí sí rere jù bí wọ́n bá ṣe é kí ọmọ tó pé ọjọ́ 60. Ọmọ yòówù tí ibà pọ́njú rẹ̀ bá kọjá ọ̀sẹ̀ 2, kí àwọn òbí rẹ̀ bèèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ya bilirubin sọ́tọ̀ sí méjì, ti àpapọ̀ àti èyí tí wọ́n ń pè ní direct. Èyí direct ló máa ń gòkè bí ọ̀nà bá dí.

Ní ti ohun tó ń fà á, àgùntàn ló kọ́kọ́ tọ́ka ọ̀nà fún àwọn olùwádìí. Ní Australia, nígbà ọ̀dá, àwọn abo àgùntàn tó lóyún jẹ irú ewéko Dysphania kan. Ara àwọn ìyá le, ṣùgbọ́n ọ̀nà òróòro àwọn ọmọ tí wọ́n bí ti dí. Ó ṣẹlẹ̀ ní 1964, ní 1988, àti ní 2007. Nígbà tó di 2015, àwọn olùwádìí ròyìn pé àwọn ti yọ májèlé inú ewéko náà, wọ́n sì sọ ọ́ ní biliatresone. Wọ́n fi í sínú omi tí àwọn ọmọ ẹja zebrafish wà: ó ba ọ̀nà òróòro tó wà lóde ẹ̀dọ̀ jẹ́, kò sì fọwọ́ kan ti inú ẹ̀dọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó ń jẹ glutathione tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ májèlé run, bẹ́ẹ̀ sì rèé, èyí tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ọ̀nà tó wà lóde kò pọ̀ tẹ́lẹ̀. Ènìyàn kì í jẹ ewéko yìí. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé nǹkan lè ba ọ̀nà òróòro ọmọ inú jẹ́ láìpa ìyá lára.

Ìbéèrè: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nínú yàrá ìwádìí kan. A so ọ̀nà òróòro àwọn eku mouse kí ẹ̀dọ̀ wọn lè lápàá. Àwọn kan kú kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, bilirubin àwọn mìíràn kò sì gòkè rárá. Oògùn tí a ń yẹ̀ wò ṣiṣẹ́ lára àwọn tó kù. Ṣé ká gbà á gbọ́?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì gbà á gbọ́. Eku tí bilirubin rẹ̀ kò gòkè, ìdè rẹ̀ ló tú tàbí kó jẹ́ pé ọ̀nà náà tún là. Òwú siliki ni kí ẹ fi dì í níbi méjì, kí ẹ sì gé e láàárín. Nígbà tí ẹ bá la eku náà lẹ́yìn ikú, ẹ wò ó bóyá ọ̀nà tó wà lókè ìdè ti fẹ̀ tí àpò òróòro sì ti wú. Èyí tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ìṣirò. Ẹ kọ òfin yìí sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kó má baà jẹ́ pé lẹ́yìn tí ẹ bá rí èsì ni ẹ ó máa yan eku.

Ní ti àwọn tó kú, àpò òróòro ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ó máa ń wú títí yóò fi bẹ́, tí òróòro á dà sínú ikùn. Eku rat kò ní àpò òróòro rárá, ìdí nìyí tí àwọn kan fi fẹ́ràn láti fi í ṣe irú iṣẹ́ yìí. Bí ìdè bá sì wà nísàlẹ̀ jù, ó lè dí ọ̀nà omi pancreas pẹ̀lú. Bí ẹ bá ṣèèṣì di iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà nítòsí mọ́ ọn, àìrí ẹ̀jẹ̀ ló ń pa ẹ̀dọ̀ náà, ẹ ó sì máa rò pé òróòro ni. Ẹ ṣe iṣẹ́ abẹ kan náà fún àwọn eku mìíràn láìdi ọ̀nà òróòro wọn, kí ẹ lè fi wọ́n wéra, kí ẹ sì fún gbogbo wọn ní oògùn ìrora kan náà.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Bí òróòro kò bá dé ìfun, oògùn ẹnu tó jẹ́ pé inú ọ̀rá ló ń yòrò sí kò ní wọ ara dáadáa. Èyí tó sì yẹ kó gba inú òróòro jáde á máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ wọn bí oògùn náà ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ má gbára lé ohun tí ẹ fún wọn nìkan. Bí ẹ bá sì ti ń fún wọn kí ẹ tó dì wọ́n, ìdènà àrùn lẹ ń yẹ̀ wò, kì í ṣe ìwòsàn.

Ó tún kù. Òróòro eku kì í ṣe ti ènìyàn. Ásíìdì inú òróòro ń tú ọ̀rá bí ọṣẹ, ọ̀rá ló sì wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì. Eku ní ẹ́ńsáìmù Cyp2c70 tó ń sọ àwọn ásíìdì wọ̀nyí di muricholic acid, tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Ara ènìyàn kò lè ṣe muricholic acid yìí. Àwa ènìyàn, sẹ́ẹ̀lì ọ̀nà òróòro wa ló ń da bicarbonate síta kí ásíìdì má baà wọlé sínú rẹ̀. Purotéènì AE2 ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, ó sì ti dín kù lára àwọn tó ní primary biliary cholangitis, àrùn tó ń ba ọ̀nà òróòro kéékèèké inú ẹ̀dọ̀ jẹ́. Nítorí náà, ẹ tún dán oògùn yín wò lára eku tí wọ́n ti yọ jíìnì Cyp2c70 rẹ̀, tàbí èyí tí wọ́n ti yọ Abcb4, tí kò sí ọ̀rá phospholipid nínú òróòro rẹ̀ láti dẹ̀rọ̀ ásíìdì náà. Bó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú, inú wa á dùn láti gbọ́.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń gbin sẹ́ẹ̀lì ọ̀nà òróòro?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Ní 2021, àwọn olùwádìí ní Cambridge gbin sẹ́ẹ̀lì láti inú àpò òróòro ènìyàn, wọ́n fi í sínú ọ̀nà òróòro ẹ̀dọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ ń tọ́jú lóde ara. Sẹ́ẹ̀lì náà dì mọ́ ibẹ̀, òróòro ẹ̀dọ̀ náà sì dára sí i. Ohun tó jọ wá lójú ni pé sẹ́ẹ̀lì àpò òróòro wọ̀nyí gba ìwà sẹ́ẹ̀lì ọ̀nà òróòro inú ẹ̀dọ̀ nígbà tí wọ́n bọ́ sínú òróòro ibẹ̀.