Kí ni ìtumọ̀ “shǐ jiǔ mà zuò” tí àwọn ará Ṣáínà máa ń sọ, ibo ló sì ti wá?

Ẹni tó bá mutí yó níbi àpèjẹ, tó wá ń bú àwọn tó jókòó níbẹ̀, ni wọ́n ń fi bá wí. Inú Shiji, ìwé ìtàn tí Sima Qian kọ, ló ti wá. Ọ̀gágun Guan Fu lọ síbi ìgbéyàwó Tian Fen, olórí ìjọba lábẹ́ Ọba Wu ti ìdílé Han. Ó gbé ọtí fún Tian Fen, ìyẹn kọ̀, kò mu ún tán. (Ìkùnsínú ti wà láàárín wọn tẹ́lẹ̀, ọtí kàn tú u síta ni.) Ìjòyè kan tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sétí ẹlòmíràn ni Guan Fu wá sọ ìbínú náà lé lórí. Wọ́n mú un, wọ́n sì pa òun àti ẹbí rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 131 ṣáájú Kírísítì. Wọ́n pa Dou Ying, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó bá a bẹ̀bẹ̀, náà.