Ìgbà wo ló dára jù láti ya àwòrán ẹyẹ ní Lẹ́kí?
Fún ẹni tó ń ti Ìsàlẹ̀ Èkó lọ sí ọgbà ìdáàbòbò ẹ̀dá ní Lẹ́kí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, tó sì fẹ̀ tó hẹ́kítà 78, òwúrọ̀ kùtù ni mo fọwọ́ sí, pàápàá láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, nígbà tí àwọn ẹyẹ tó sá fún òtútù ilẹ̀ Yúróòpù bá ti dé. Afárá òkè igi tó gùn ní mítà 401 wuni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀bá irà ni kí ẹ kọ́kọ́ dúró sí, kí ẹ sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹyẹ apẹja yóò bà sórí ẹ̀ka, yóò tẹjú mọ́ omi, yóò sì já wálẹ̀ lójijì; ẹ̀ka kan náà ló sábà máa ń padà sí, nítorí náà, ibẹ̀ ni kí ẹ dojú kámẹ́rà kọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe sún mọ́ ìtẹ́ wọn.