Èsì: Àmì funfun tí kò kúrò lára gíláàsì

Bọ̀dá mi ní Ṣágámù, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní táǹkì tó ń sọ omi tí ẹ fi ń fọ fèrèsé di mímọ́ gaara ò tíì pé oṣù méjì, síbẹ̀ àmì funfun ń hàn lára fèrèsé bí omi bá ti gbẹ, ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ fi iyọ̀ fọ resin inú rẹ̀, ìyẹn àwọn hóró wẹ́wẹ́ tó ń yọ èròjà tó ti yòrò kúrò nínú omi. Ẹ má dán an wò! Iyọ̀ yẹn gan-an ló máa bà á jẹ́. Ẹ ra resin tuntun.

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ti mítà TDS, èyí tó ń wọn èròjà tó ti yòrò sínú omi, bọ omi tó ń jáde nínú táǹkì. Òdo ló yẹ kó kà. Tó bá ti kọjá 10 ppm (10 nínú mílíọ̀nù kan), resin ti ń lọ nìyẹn. Tèmi níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde, imú ló sọ fún mi. Mo ṣí ìdérí táǹkì tí resin rẹ̀ ti tán, òórùn ẹja ló gbá mi lójú. Ìyàwó mi ní kí n gbé ẹja mi jáde kúrò nínú ilé.

Ẹ wọn omi tó ń wọlé náà. Bí ohun tí mítà kà bá ti ga, kíá ni resin máa tán. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí òjò bá ń rọ̀, omi òjò ni mo máa ń gbè, mo sì ń fi aṣọ sẹ́ ẹ kó tó wọ táǹkì. Ẹ má gbé táǹkì sóòrùn, ẹ má sì jẹ́ kí resin gbẹ.